Àwọn Ìbejì Òkun Méjì: Ìtàn Ilẹ̀ Pánámà àti Àwọn Ẹ̀dá tí Ó Pín Níyà

Nígbà tí olóòtú ètò yìí ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn ẹ̀dá inú òkun tí wọ́n bá ara wọn tan ṣe ń di ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọn kì í sì í bá ara wọn bímọ mọ́, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ẹja, kì í ṣe edé. Àdó olóró átọ́míìkì ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1964, àwọn aṣòfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin kan pé kí ìgbìmọ̀ kan wádìí bí a ṣe lè gbẹ́ ọ̀nà omi tuntun láti Òkun Àtìláńtíìkì bọ́ sí Òkun Pàsífíìkì. Ọ̀nà omi yìí kò ní ní ilẹ̀kùn kan; omi òkun ni yóò máa ṣàn gba inú rẹ̀ láti òkun kan dé èkejì. Lára àwọn ọgbọ́n tí ìgbìmọ̀ náà gbé yẹ̀ wò ni pé kí a ri àdó olóró mọ́lẹ̀ ní ìlà, kí a sì mú kí wọ́n bú, kí ilẹ̀ lè là.

Ìgbìmọ̀ náà ṣírò owó, ó wọn òkè, ó wọn àfonífojì, ó ka iye ọkọ̀ tí yóò máa kọjá lọ́dún. Ìbéèrè kan wà tí àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá abẹ̀mí ń fi igbe ké pé a kò fún ní àyè tó: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹ̀dá òkun méjèèjì bí wọ́n bá tún pàdé lẹ́yìn nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ọdún tí wọ́n ti fojú kan ara wọn gbẹ̀yìn? Ṣé wọn yóò dà pọ̀ bí ọmọ ìyá, ni àbí wọn yóò bá ara wọn jà? Ní ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó lè dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rí. Ìtàn bí a ṣe wá ìdáhùn náà ni mo fẹ́ sọ.

Ẹni tí ó bá wo àwòrán ilẹ̀ ayé yóò rí i pé Amẹ́ríkà ti Àríwá àti ti Gúúsù fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ara wọn. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó so wọ́n pọ̀, bí ọrùn ti í so orí mọ́ ara. Ní ibi tí ọ̀nà omi Pánámà gbà kọjá, nǹkan bí kìlómítà 80 péré ni láti òkun dé òkun. Àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń kọ́ni ní ìmọ̀ ilẹ̀ ayé mọ̀ pé ọ̀nà omi tí a ṣí ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1914 kì í ṣe ojú òkun gbalaja. Ọkọ̀ tí ó bá wọ inú rẹ̀ yóò wọ yàrá omi onílẹ̀kùn, a ó tú omi sí i, ọkọ̀ yóò sì máa ga sókè títí yóò fi dé adágún Gatún, tí ó ga ju òkun lọ ní mítà 26. Omi adágún náà kò níyọ̀. Nítorí náà, ẹ̀dá òkun tí ó bá fẹ́ rékọjá níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gun òkè, kí ó sì la omi tí kò bá a lára mu kọjá. Díẹ̀ ni ó lè ṣe é. Ẹja ńlá tí àwọn òyìnbó ń pè ní tarpon wà lára àwọn tí wọ́n gba ibẹ̀ dé Pàsífíìkì.

Ṣáájú kí ilẹ̀ yìí tó hù jáde, òkun kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ń ti ara rẹ̀ sókè láti ìsàlẹ̀ òkun, òkè oníná ń tú eérú àti òkúta yíyọ́ jáde, àwọn erékùṣù ń so mọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀, títí ọ̀nà omi tí ó kẹ́yìn fi dí pa. Ẹja tí ó wà ní ìlà oòrùn di ará Kàríbíànì, èyí tí ó wà ní ìwọ̀ oòrùn di ará Pàsífíìkì. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n tẹ́lẹ̀.

Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí rẹ̀. Moritz Wagner, ará Jámánì, rin ilẹ̀ Pánámà já ní àwọn ọdún 1850, ó sì wá sọ ní ọdún 1868 pé ìyapa ní ilẹ̀ ni ó ń mú kí ẹ̀yà tuntun jáde. Ní àkókò kan náà, Albert Günther, ẹni tí ń tọ́jú ẹja ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé sí ní Lọ́ńdọ̀nù, fi ẹja ìhà méjèèjì wé ara wọn, ó sì ka púpọ̀ nínú wọn sí ẹ̀yà kan náà. Ó ní kò tíì pẹ́ tí òkun méjèèjì dá ọ̀nà wọn dúró. David Starr Jordan, ará Amẹ́ríkà, tún ẹja náà wò fínnífínní, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí Günther pè ní ọ̀kan, méjì ni wọ́n: ọ̀kan níhìn-ín, èkejì rẹ̀ lọ́hùn-ún, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra tán. Ní ọdún 1908 ó fún wọn ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí ẹ̀yà ìbejì.

Orúkọ náà dùn mọ́ èmi ọmọ Yorùbá létí. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà nínú rẹ̀. Àwa tí a mọ Táyéwò àti Kẹ́hìndé mọ̀ pé ọjọ́ kan náà ni a bí wọn. Jordan àti àwọn tí ó tẹ̀ lé e gbà bẹ́ẹ̀ nípa ìbejì òkun pẹ̀lú: ilẹ̀ kan ni ó dí ọ̀nà, ọjọ́ kan ni ó dí i, nítorí náà ọjọ́ orí kan ni gbogbo wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Òun ni ó wá fọ́ mọ́ àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ ní ọdún 1993.

Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a béèrè ohun tí à ń pè ní ẹ̀yà. Ewúrẹ́ àti àgùntàn ń jẹ ní agbo kan náà, wọ́n ń sùn ní ọgbà kan náà, síbẹ̀ kò sí baálé tí ń retí ọmọ àárín wọn. Ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lè bímọ, ìbaaka ni wọn yóò sì bí. Ṣùgbọ́n ìbaaka kì í sáàbà bí ọmọ tirẹ̀, ọ̀nà ti dí níbẹ̀. Ernst Mayr, ẹni tí a bí ní Jámánì tí ó sì ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni ó sọ ọ́ di òfin ìmọ̀ ní ọdún 1942 pé ẹ̀yà ni àwùjọ àwọn ẹ̀dá tí wọ́n ń bá ara wọn bímọ, tí ìdènà sì wà láàárín wọn àti àwùjọ mìíràn nínú ọ̀rọ̀ ìbímọ. Kì í ṣe ìrísí ni òṣùwọ̀n.

Lórí ilẹ̀, èyí kò ṣòro láti yé ni. Nínú òkun ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ẹ̀dá òkun kì í gùn. Akọ a da àtọ̀ sínú omi, abo a da ẹyin sínú omi, ìgbì a sì pò wọ́n pọ̀. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ a máa bá omi lọ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, kí ni kò jẹ́ kí gbogbo wọn dà pọ̀? Ní ọdún 1954 Mayr fúnra rẹ̀ gbé ìbéèrè yìí, ó mú ẹ̀dá kan tí kò ní orúkọ tí gbogbo wa mọ̀ ní èdè wa: ó yí bírí bí bọ́ọ̀lù, ẹ̀gún sì bò ó láti òkè délẹ̀ bí òòrẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní òòrẹ̀ òkun. Mayr tò wọ́n sórí àwòrán ilẹ̀ ayé, ó sì fi hàn pé bí ti orí ilẹ̀ ni ti inú òkun: ìyapa ibùgbé ni ó ń ṣáájú. Àmọ́ àwòrán ilẹ̀ kò lè sọ bí wọ́n ṣe ń kọ ara wọn nígbà tí wọ́n bá pàdé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀ràn ọ̀nà omi tuntun. Ira Rubinoff, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Smithsonian ní Pánámà, kọ̀wé ní ọdún 1968 pé bí a bá ṣí òkun méjèèjì sí ara wọn, a ó ṣe ohun tí a kò lè tún ṣe mọ́. Ó tọ́ka sí ejò òkun tí ikùn rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Ó pọ̀ ní Pàsífíìkì. Kò sí ní Kàríbíànì rárá. Oró rẹ̀ sì le. Ní ọdún 1970, òun àti Kropach gbé ejò yìí fún àwọn ẹja apẹran-jẹ láti òkun méjèèjì. Àwọn ti Pàsífíìkì kò fẹnu kàn án, bí ebi tilẹ̀ ń pa wọ́n. Àwọn ti Àtìláńtíìkì, tí bàbá ńlá wọn kò rí irú rẹ̀ rí, gbé e mì, ejò sì bu àwọn kan nínú wọn jẹ, wọ́n kú. Lójú tèmi, ìdánwò kékeré yìí lágbára ju ìwé ńlá ìgbìmọ̀ lọ. Ìmọ̀ pé ejò yìí kì í ṣe ohun jíjẹ ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé kan, kò sì wọ inú ti èkejì.

Àpẹẹrẹ mìíràn sì wà ní gbangba. Ọ̀nà omi Suez, tí a ṣí ní 1869, kò ní yàrá onílẹ̀kùn. Omi òkun ni ó ń gba inú rẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀yà láti Òkun Pupa ni ó ti gba ibẹ̀ wọ Mẹditaréníà, títí kan ẹja olóró tí àwọn apẹja ibẹ̀ ń sunkún lé lórí lónìí.

Ilé ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ sáyẹ́ǹsì ti Amẹ́ríkà gbé ìgbìmọ̀ kékeré kan kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, Mayr sì ni alága. Wọ́n ní bí a bá tilẹ̀ gbẹ́ ẹ, kí a fi ìdènà sí i tí ẹ̀dá kò ní lè rékọjá. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ọ̀nà omi gbé ìwé rẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1970, ó pa àdó olóró tì, ó sì ní kí a fi irinṣẹ́ lásán gbẹ́ ẹ. A kò gbẹ́ ẹ. Owó pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ ìṣèlú láàárín Amẹ́ríkà àti Pánámà sì dojú rú. Àdéhùn ọdún 1977 tún mẹ́nu bà á, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà sùn.

Àwọn onímọ̀ kò sùn ní tiwọn. Ilẹ̀ Pánámà ti di ilé ìdánwò fún wọn, irú èyí tí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kankan kò lè gbé kalẹ̀ ní kíláàsì: a pín ìdílé sí méjì, a fi ògiri sí àárín wọn, a sì dúró fún mílíọ̀nù ọdún. Ohun tí ó kù ni kí a lọ wo ohun tí ó hù níbẹ̀.

Haris Lessios lọ wo òòrẹ̀ òkun. Oríṣi kan tí ẹ̀gún rẹ̀ gùn tí ó sì dúdú, tí orúkọ ìmọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ Diadema, ní ìbejì ní ìhà méjèèjì: antillarum ní Kàríbíànì, mexicanum ní Pàsífíìkì. Ènìyàn lásán kò lè fi ojú dá wọn mọ̀. Lessios ń kó wọn láti oṣù dé oṣù, ó sì ń wo ìgbà tí wọ́n bá da ẹyin. Ní ọdún 1984 ó kéde ohun tí ó rí: ti Kàríbíànì ń tẹ̀ lé ìgbà tí òṣùpá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ti Pàsífíìkì sì ń tẹ̀ lé òṣùpá àrànmọ́jú. Bí a bá wó ògiri ilẹ̀ lulẹ̀ lónìí, tí a kó wọn sínú omi kan, ọ̀pọ̀ nínú ẹyin ọ̀kan yóò ti bá omi lọ kí àtọ̀ èkejì tó jáde. Ọjọ́ ọjà wọn kò bára mu mọ́.

Ní ọdún tí ó ṣáájú ìyẹn gan-an ni àjálù dé bá wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, àwọn Diadema bẹ̀rẹ̀ sí í kú nítòsí ẹnu ọ̀nà omi Pánámà ní ìhà Kàríbíànì. Ẹ̀gún wọn ń re, ara wọn ń tú. Láàárín nǹkan bí ọdún kan, àrùn náà ti yí gbogbo Kàríbíànì ká, ó sì pa ju 90 lọ nínú 100 wọn. Ewéko omi tí òòrẹ̀ òkun ti ń jẹ mọ́lẹ̀ wá hù bo àpáta iyùn, ní Jàmáíkà pàápàá. Ìbejì tí ó wà ní Pàsífíìkì, tí kìlómítà díẹ̀ péré ya òun àti ibi tí àrùn ti bẹ̀rẹ̀, wà ní àlàáfíà. Mo máa ń bi ara mi bí ìròyìn náà ì bá ti rí bí wọ́n bá ti gbẹ́ ọ̀nà omi gbalaja yẹn ní ọdún 1970.

Òòrẹ̀ òkun mìíràn, Echinometra, fi ohun tí ó ya ni lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn. Mẹ́ta ni wọ́n níbẹ̀: lucunter àti viridis ní Kàríbíànì, vanbrunti ní Pàsífíìkì. Lessios àti Cunningham da ẹyin àti àtọ̀ wọn pọ̀ nínú ìgò, wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ ní ọdún 1990. Ẹnikẹ́ni yóò rò pé àwọn tí ilẹ̀ ti yà fún mílíọ̀nù ọdún ni yóò kọ ara wọn jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Viridis àti vanbrunti, tí ògiri wà láàárín wọn, gba ara wọn láìjanpata. Ẹyin lucunter ni kò fẹ́ àtọ̀ ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe tirẹ̀, ì báà jẹ́ ti vanbrunti lẹ́yìn ògiri, ì báà jẹ́ ti viridis tí wọ́n jọ ń gbé inú omi kan. Àtọ̀ lucunter, ní tirẹ̀, rí ààyè wọlé sí ẹyin àwọn méjì yòókù. Ẹ ò rí i pé gígùn ọdún kọ́ ni ó ń pinnu? Ilẹ̀kùn kan náà ni, ó sì ṣí láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó tì láti ẹ̀gbẹ́ kejì.

Kí ni ilẹ̀kùn yìí? Níhìn-ín ni mo ti fẹ́ dárúkọ ẹnì kan tí àwọn ìwé ilé ẹ̀kọ́ wa kì í sáàbà mẹ́nu bà. Ernest Everett Just, ọmọ adúláwọ̀ tí a bí ní Charleston ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1883, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ilé ìwádìí etíkun ní Woods Hole ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn láti ọdún 1909. Ẹyin àwọn ẹ̀dá òkun ni ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wò nínú awò amú-nǹkan-tóbi, títí kan ẹyin òòrẹ̀ òkun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ayé ìgbà náà ń ka ẹyin sí ohun tí ó kàn dúró, tí àtọ̀ yóò wá gún. Just ní rárá: ojú ẹyin ń ṣiṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń gba àtọ̀, tí ó sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ó kù. Ó kó èrò rẹ̀ jọ sínú ìwé kan ní ọdún 1939, ó sì kú ní 1941. Ní gbogbo ayé rẹ̀, àwọ̀ ara rẹ̀ kò jẹ́ kí ó rí iṣẹ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn aláwọ̀ funfun ní ìlú rẹ̀. Howard, tí í ṣe ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adúláwọ̀, ni ó ti kọ́ni.

Ní ọdún 1977, Vacquier àti Moy rí kọ́kọ́rọ́ náà gan-an: èròjà pùròtéènì kan tí ó wà ní orí àtọ̀ òòrẹ̀ òkun, tí ó ń lẹ̀ mọ́ ojú ẹyin. Wọ́n pè é ní bindin. Bí ìrísí rẹ̀ bá yí padà díẹ̀, kò ní bá àgádágodo ẹyin mu mọ́. Ní ọdún 1996 Metz àti Palumbi fi hàn pé àbùdá ìran tí ó ń ṣe bindin, ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní jíìnì, ń yára yí padà nínú ìdílé Echinometra. Ẹ̀dá méjì lè jọra ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ àbùdá wọn, kí ẹyọ kan yìí sì ti yà wọ́n.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí dé ibi báyìí, ọ̀gá olùkọ́ àgbà kan tí a jọ jókòó lórí ètò náà bi mí pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, èwo wá ni òṣùwọ̀n? Ṣé òṣùpá ni, àbí kọ́kọ́rọ́, àbí àbùdá?" Mo ní, "Ẹ ṣeun sà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà." Mo sì sọ ìtàn edé fún wọn.

Edé kékeré kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ kan tóbi ju èkejì lọ. Bí ó bá pa á dé, a dún pàù, bí ìgbà tí a ṣẹ́ igi gbígbẹ, ìró rẹ̀ a sì dáni lójijì nínú omi. Alpheus ni orúkọ ìmọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní edé atapàù. Akọ àti abo máa ń gbé inú ihò kan bí tọkọtaya. Nancy Knowlton àti àwọn mẹ́rin tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kó ìbejì méje jọ láti ìhà méjèèjì Pánámà. Òṣùwọ̀n mẹ́ta ni wọ́n lò. Wọ́n wo pùròtéènì wọn. Wọ́n ka DNA tí ọmọ ń jogún láti ọ̀dọ̀ ìyá nìkan. Wọ́n sì fi akọ ìhà kan àti abo ìhà kejì sínú àwo omi kan, wọ́n ń wò wọ́n. Ohun tí ó sáàbà ṣẹlẹ̀ ni ìjà. Dípò kí wọ́n jọ wọ ihò, wọ́n ń ta pàù mọ́ ara wọn. Nínú ọgọ́rùn-ún ìsopọ̀ láàárín òkun méjèèjì, bí ẹyọ kan péré ni ó so èso.

Ìyẹn nìkan ti tó láti fi dá àwọn tí ń pète ọ̀nà omi lóhùn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú kí ìwé wọn ti ọdún 1993 di mímọ̀ káàkiri ni èyí: àwọn ìbejì méje náà kò jìnnà síra ní ìwọ̀n kan náà. Mẹ́rin nínú wọn sún mọ́ ara wọn; mẹ́ta ti jìnnà réré. Ibi tí DNA bá ti jìnnà, ibẹ̀ ni pùròtéènì ti jìnnà, ibẹ̀ náà sì ni ìjà ti le. Àwọn tí ń gbé inú igbó ẹrẹ̀ etí òkun, níbi tí omi kò ti jìn, ni wọ́n pínyà kẹ́yìn. Àwọn mẹ́ta yẹn ti já ara wọn sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún kí ilẹ̀ tó so pọ̀ tán. Bí ilẹ̀ ti ń ga lábẹ́ omi, omi òkun méjèèjì ti ń yí padà, ọ̀kan ń tutù, èkejì ń móoru, ọ̀nà ń há mọ́ ẹ̀dá kan nígbà tí ó ṣì gba èkejì. Táyéwò àti Kẹ́hìndé nìyí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìdílé kọ̀ọ̀kan pín kò dọ́gba.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè bi mí pé kí ni ó kàn wọ́n nínú ọjọ́ orí edé. Ó kàn wọ́n, nítorí pé agogo ni. Bí a bá mọ ọjọ́ tí ẹ̀yà méjì pínyà, tí a sì ka iye àyípadà tí ó wà nínú DNA wọn, a ti rí bí agogo náà ṣe ń rìn. Láti inú àwọn edé tí ó pínyà kẹ́yìn, Knowlton àti Weigt ṣírò ní ọdún 1998 pé ìyàtọ̀ náà ń lé ní nǹkan bí 1.4 nínú 100 ní mílíọ̀nù ọdún kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ ti gbé agogo yìí lọ sí òkun mìíràn, wọ́n ń fi í wọn ọjọ́ orí akàn àti edé tí kò tilẹ̀ fojú kan Pánámà rí. Ẹni tí ó bá da ìbejì méjèèje pọ̀ ní àdàlú, tí ó ní ọdún kan náà ni gbogbo wọn pín, ti ba agogo jẹ́, àṣìṣe rẹ̀ yóò sì rin ìrìn àjò jìnnà. Iye ọjọ́ orí ilẹ̀ náà pàápàá ti dá awuyewuye sílẹ̀. Ní ọdún 2015, àwọn kan kọ ọ́ pé ó ti tó mílíọ̀nù 13 sí 15 ọdún tí ọ̀nà omi jíjìn ti dí. Ní ọdún 2016, O'Dea àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ẹ̀rí òkúta, ti ẹranko àti ti DNA jọ, wọ́n sì dúró lórí mílíọ̀nù 2.8.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nínú òkun, a ti sọ ọ̀pọ̀ ọmọ lórúkọ láìwo ilé. Iyùn tí ó gbilẹ̀ jù ní Kàríbíànì, tí gbogbo ìwé ń pè ní Montastraea annularis nígbà náà, ni Knowlton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 1992 pé ẹ̀yà mẹ́ta ni. Àwọn mẹ́ta náà ń da ẹyin ní alẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ń ṣáájú ní wákàtí kan sí méjì. Àwọn tí ń wo ìlà ìdàgbàsókè inú iyùn náà láti mọ bí ojú ọjọ́ ayé àtijọ́ ti rí ti ń da ìdílé mẹ́ta pọ̀ mọ́ ara wọn, láìmọ̀ pé wọn kì í dàgbà ní ìwọ̀n kan náà.

Ọ̀rọ̀ náà sì kan etíkun tiwa. Diadema wà ní ìhà ìlà oòrùn Àtìláńtíìkì pẹ̀lú, láti erékùṣù Madeira àti Canary títí dé São Tomé ní Ìyawọlẹ̀-omi Guinea. Fún ìgbà pípẹ́, antillarum ni a ń pè é, bí ẹni pé ìbejì ará Kàríbíànì ni ó bá ìgbì wá. Ní ọdún 2001, Lessios àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka DNA rẹ̀, wọ́n rí i pé ìdílé ọ̀tọ̀ ni. Ọdún 2013 ni a tó fún un ní orúkọ tirẹ̀, Diadema africanum. Ní ọdún 2022, àrùn tún bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ti Kàríbíànì, a sì rí ẹ̀dá tíńtín tí ó fà á. Ní ọdún kan náà, africanum ń kú ní Canary. Ẹni tí ó bá ṣì ń pe àwọn méjèèjì ní orúkọ kan náà kò ní mọ̀ pé ẹ̀yà méjì ni ó ń ṣọ̀fọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin kan láti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ni ó béèrè ìbéèrè ìkẹyìn ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Bàbá, ṣé ògiri náà ṣì wà níbẹ̀?" Mo dá a lóhùn pé ó wà, ọmọ mi, ṣùgbọ́n ó ti ń jò. Ìjọba Pánámà, tí ó gba ọ̀nà omi náà ní òpin ọdún 1999, ṣí àwọn yàrá omi tuntun tí ó tóbi ju ti àtijọ́ lọ ní oṣù kẹfà ọdún 2016, kí àwọn ọkọ̀ ńláńlá lè máa kọjá. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ tí ń ju àwọ̀n sí adágún Gatún ti ń bá ẹja òkun pàdé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn kan láti ìhà Àtìláńtíìkì, àwọn kan láti ìhà Pàsífíìkì.